Àṣẹ àti Àṣẹ́: Ọ̀rọ̀ Nípa Orúkọ Kan Tí A Ń Fi Pamọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní oṣù yìí kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń retí láti ẹnu àlùfáà. Àwọn kan yóò bi ara wọn pé, kí ni ó pa olùkọ́ tí irun rẹ̀ ti ń funfun pọ̀ mọ́ ọ̀ràn tí àwọn obìnrin máa ń sọ ní ìkọ̀kọ̀ ẹ̀yìnkùlé? Ìbéèrè náà tọ̀nà. A bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù kà á dé òpin kí ẹ tó dá wa lẹ́jọ́.

Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, a rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni wa káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀ láti lọ fi iṣẹ́ ìkọ́ni dánra wò. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ pé, ni a yàn sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àjàgbà. Ní ọjọ́ tí àwa lọ wo bí ó ti ń ṣe é, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ara ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà. Ó kọ gbólóhùn kan sí ara pátákó báyìí pé: "Obinrin a maa se ase ni osoosu." Kò fi àmì ohùn kan sí i, kò sì fi àmì kan sí abẹ́ lẹ́tà kankan. Ọmọkùnrin kan nawọ́, ó dìde, ó sì kà á sókè kedere pé obìnrin a máa se àsè ní oṣooṣù. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn ní rárá o, pé àṣẹ ni, bí irú èyí tí Ọba ń pa. Ẹ̀rín tún pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ojú ti olùkọ́ náà. Ó nu pátákó, ó yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, "menses" ni ó sì ń pe nǹkan náà títí aago fi lù.

Kí á má purọ́, àwa pàápàá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ń jáde, a pe ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, a bi í léèrè ohun tí ó gbọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà. Ó ronú díẹ̀, ó ní àrùn kan ni tí ó máa ń ṣe àwọn obìnrin Òyìnbó. Ọmọ náà kò ju ọdún mọ́kànlá lọ. Kò ní pẹ́ tí ohun tí a kọ́ ọ yìí yóò fi dé bá òun fúnra rẹ̀, bóyá nínú oko, bóyá lórí àga ilé-ẹ̀kọ́ yẹn gan-an. Ìgbà tí ó bá sì dé, yóò rò pé ikú ni. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ náà kọ bí ó ti yẹ. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀, ohùn òkè ni ó parí, àmì sì wà lábẹ́ lẹ́tà mejèèjì tí ó tẹ̀lé a: àṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń fi orin kọ́ ọmọ yóò pè é ní dò-mí. Àwọn ìbátan rẹ̀ lójú ìwé ni wọ̀nyí: àṣẹ, tí í ṣe dò-re, èyíinì ni agbára ẹnu Ọba àti ti Olódùmarè, àsè, dò-dò, èyí tí a ń fi iyán àti ẹmu ṣe, àti asẹ́, re-mí, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń sẹ́ ògì. Bí ẹ bá mú àmì ohùn kúrò, tí ẹ sì mú àmì ìsàlẹ̀ kúrò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan náà. Báyìí ni ohun tí Ọba ń pa, ohun tí àlejò ń jẹ, ohun èlò ìdáná, àti ohun tí ó ń ṣe ìyàwó ilé ní oṣooṣù ṣe wọ ẹ̀wù kan ṣoṣo lórí pátákó Àjàgbà.

Àmì tí a ń fojú tín-ín-rín wọ̀nyí kò dé ọ̀dọ̀ wa lófẹ̀ẹ́. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1843, ọ̀nà kíkọ èdè wa kò tíì dúró sójú kan. Ìjíròrò nípa rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ìgbà tí àwọn ìjọ pàdé ní Èkó ní ọdún 1875 tí wọ́n sì fìdí ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀ bí a ti mọ̀ wọ́n. Ní ọdún 1974 ni ìjọba tún fọwọ́ sí àtúntò tí a ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ títí di òní. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé díẹ̀ ni àwọn àgbà fi ṣe làálàá kí ẹnikẹ́ni má baà ka àsè sí àṣẹ́. Wàyí o, ẹ wo àwọn ìwé ìkéde wa, ẹ wo pátákó ojú ọ̀nà, ẹ wo ohun tí a ń tẹ̀ ránṣẹ́ sí ara wa lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀: bí ẹni pé wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sí ilé. Àwọn ọmọ wa tí a kó rékọjá òkun gbé àṣẹ lọ sí ilẹ̀ Bràsíìlì, wọ́n pa á mọ́ láàárín ìyà tí ẹnu kò lè sọ tán, wọ́n sì ń kọ ọ́ ní "axé" ní ìlànà èdè Potogí. Ilé Axé Opô Afonjá tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Salvador ní ọdún 1910 ń jẹ́ orúkọ náà di òní. Àmì tí ó wà lórí lẹ́tà ìkẹyìn yẹn kì í ṣe ohùn òkè tiwa. Ohun tí ó ń sọ fún àwọn ará ibẹ̀ ni pé orí lẹ́tà náà ni kí wọ́n tẹ̀ sí, kí wọ́n sì la ẹnu pè é bí ẹ wa. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tiwa, tí wọ́n rí i níbẹ̀, ti ń da àmì náà padà sílé. Wọ́n ń kọ "àṣẹ́" sí ara aṣọ, wọ́n ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì ń fi ohùn òkè ké e ní òpin àdúrà. Ìjòyè kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa sọ fún wa pé ní ìpàdé kan, nígbà tí òun súre fún ìlú tán, gbogbo ọ̀dọ́ dáhùn pẹ̀lú ohùn rara pé "Àṣẹ́!" Ó ní òun wo àwọn ìyá tí wọ́n jókòó lápá òsì, àwọn ìyá náà sì ń wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe àtúnṣe, nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é ní láti sọ ohun tí àṣẹ́ jẹ́, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Àṣẹ kò ṣòro: láti ara ṣẹ ni, bí a ti ń wí pé àlá ṣẹ tàbí kí ìre wa ó ṣẹ. Ohun tí a sọ tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ. Àṣẹ́ ní tirẹ̀, lójú tiwa, ara ṣẹ́ ni ó ti jáde, ìyẹn ṣẹ́ tí a fi ń ṣẹ́ igi, tí a fi ń ṣẹ́ owó ńlá sí wẹ́wẹ́, tí ó sì tún wà nínú oyún ṣíṣẹ́. Ohun tí ó ti so tẹ́lẹ̀ ni ó já. Bí a bá gbọ́ ohun tí àwọn oníṣègùn ìgbàlódé ń sọ, ọ̀rọ̀ náà ń kó ẹ̀rù báni bí ó ti bá a mu tó. Wọ́n ní ní oṣooṣù ni ilé-ọmọ ń tẹ́ ibùsùn ẹlẹ́jẹ̀ sí ara rẹ̀ nínú nítorí ọmọ tí ó lè wá. Bí ọmọ kò bá wá, ibùsùn náà a ṣẹ́ kúrò, a sì máa ṣàn jáde. Àwọn tí ó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tí ó ń wo inú ènìyàn. Ó tó kí á bọ̀wọ̀ fún wọn. Àwọn kan lè ní ìtumọ̀ mìíràn. Bí ó bá sàn ju tiwa lọ, ojú ewé yìí ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí wọ́n ń sọ pé ọ̀kan náà ni àṣẹ àti àṣẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé agbára tí ó wà lẹ́nu Ọba ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ èdè ni wá kí á tó di akéwì, a kò sì lè gbà pé kí á ré ohùn ọ̀rọ̀ kọjá bí ẹni ré kòtò kọjá. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, igbá, ìgbà àti igba yóò di ọmọ ìyá. Ohun kan wà níbẹ̀ ṣá o tí a kò gbọdọ̀ sọ nù pẹ̀lú àṣìṣe wọn. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé nílé àwọn onísègùn àti àwọn ọdẹ, obìnrin tí ó ń ṣe àṣẹ́ kì í fọwọ́ kan oògùn, kì í sì í dé ibi tí a kó o pamọ́ sí. Kí ni ìdí rẹ̀? Wọn kò sọ pé oògùn náà yóò dọ̀tí. Wọ́n ní yóò bàjẹ́, agbára rẹ̀ yóò wọmi. Ohun tí ó lè sọ oògùn alágbára di asán, ṣé ìdọ̀tí lásán ni? Nínú èèwọ̀ yẹn, ẹ̀rù ni ó wà, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Ẹ̀gàn tí ó wà nínú rẹ̀ lónìí, tí ọmọbìnrin fi ń rò pé òun di ohun ìríra, àwa ni a fi kún un.

Nígbà tí a bá sì ń sọ ti ẹ̀gàn, kí àwa oníwàásù má fi ara wa pamọ́. Ìwé Léfítíkù, orí kẹẹ̀ẹ́dógún, ka ọjọ́ méje fún obìnrin ní àsìkò yìí, àwọn ìjọ kan ní ilẹ̀ wa sì ń pa á mọ́ títí di òní. Obìnrin wọn kì í wọ ilé ìsìn ní ọjọ́ náà. Ìlànà ìjọ ni, a kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Àmọ́ a ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lórí orí kẹẹ̀ẹ́dógún yẹn, a kò sì tíì gbọ́ ẹyọ kan tí ó rán àwọn ènìyàn létí pé ìdajì orí náà ń sọ̀rọ̀ nípa ara ọkùnrin.

A ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí àṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu ìyá rẹ̀. Nǹkan oṣù ni ó ń sọ, tàbí kí ó ní òun rí nǹkan òun, tàbí pé àlejò òun dé. Ìwà ọmọlúwàbí ni, gbogbo ayé ni ó sì ń hù ú. Àwọn Hébérù ìgbàanì ń pè é ní ọ̀nà àwọn obìnrin; ohun tí Rákélì sọ fún Lábánì baba rẹ̀ nìyẹn nígbà tí ó jókòó lé àwọn òrìṣà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ "menses" tí olùkọ́ wa sá lọ bá, bí ẹni pé ó ní ọlá ju tiwa lọ, kò ju "àwọn oṣù" lọ ní èdè Látìn. Ara mensis ni ó ti wá, oṣù sì ni mensis. Ọ̀rọ̀ tí àwọn dókítà ń pe òpin rẹ̀, menopause, oṣù ni ó wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú, ní èdè Gíríìkì. De Gardanne, dókítà ará Faransé kan, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní irú ọ̀nà tí a ń gbà kọ ọ́ yìí ní ọdún 1821. Nítorí náà, ará Róòmù, ará Gíríìkì àti ìyá àgbà ní Àjàgbà gbójú sókè wo ọ̀run kan náà, wọ́n sì fún nǹkan náà ní orúkọ kan náà. Ọmọbìnrin tí ó rò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ bo ìtìjú rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan oṣù ni ó ṣì ń sọ.

Oṣù tí a ń wí yìí, tiwa gan-an wà ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àtijọ́ wa jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ méje ni ó sì di oṣù kan, èyíinì ni ọjọ́ 28. Àwọn dókítà ń lo iye yìí gan-an gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohunkóhun láti ọjọ́ 21 dé 35 kò burú fún àgbàlagbà obìnrin. Ìyá tiwa fúnra rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò mọ̀wé, ọjọ́ ọjà ni ó fi ń kà á, kì í sì í ṣì í. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìṣirò àwọn àgbà máa ń ka ọjọ́ tí a wà lónìí mọ́ ọn. Ọjà tí ó ń padà wá ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni a ń pè ní ọjà ọrún, àárùn-ún sì ni ọrún. Ìyá tí ó bá ń ka ọjọ́ báyìí yóò sọ ọjọ́ 29 níbi tí nọ́ọ̀sì yóò ti kọ 28. Ọjọ́ kan kò tó ohun tí à ń bínú sí, àmọ́ ó dára kí ẹni tí ń béèrè mọ̀.

Ìbéèrè tí ó wọ́pọ̀ jù ní ilé ìwòsàn tún léwu ju èyí lọ. Wọn a bi aboyún pé: "Ìgbà wo ni o rí nǹkan oṣù kẹ́yìn?" Ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n ń fẹ́, nítorí láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ 280 tí yóò mú wọn dé ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò dáhùn ohun tí a bi í: ọjọ́ tí ó rí ẹ̀jẹ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ti sọnù láàárín àwọn méjèèjì, obìnrin náà kò sì purọ́. "Ọjọ́ wo ni nǹkan oṣù rẹ tí ó wá kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀?" ni kí wọ́n máa bi í. Ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ kan péré ni.

Bákan náà ni ti "nǹkan oṣù rẹ̀ dúró." Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, ó ti fẹ́ra kù ni, lẹ́nu àwọn àgbà, ó ti kọjá ọmọ bíbí ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, oyún ni níbí, ogbó ni lọ́hùn-ún. Àwa dá a lábàá pé kí á fi "dúró" sílẹ̀ fún oyún nìkan, kí á sì máa sọ pé nǹkan oṣù "kásẹ̀ nílẹ̀" fún ẹni tí tirẹ̀ ti parí. Bí ó bá sì ń wá tí ó ń lọ láìní àkókò, "ó dàrú" ti tó o.

Ìdí tí ọ̀ràn "kíkásẹ̀" yìí fi wọ̀ wá lára nìyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí a ń ṣe àbójútó ìjọ kan, ìyá kan láàárín wa tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wá bá wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ayọ̀ hàn lójú wọn. Wọ́n ní nǹkan oṣù ìyá náà tí ó ti lọ láti bí ọdún mẹ́sàn-án ti padà dé. Wọn kò bímọ púpọ̀ nígbà èwe wọn. Wọ́n fi ara wọn wé Ábúráhámù àti Sárà, wọ́n sì mú ọrẹ ìdúpẹ́ wá. Àwa ni a gba ọrẹ náà. Àwa ni a gbàdúrà lé e lórí. Ẹ̀jẹ̀ náà kò dá. Ní ìgbà tí wọ́n fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, oṣù mẹ́jọ ti kọjá, jẹjẹrẹ inú ilé-ọmọ sì ti tàn dé ibi tí ọwọ́ kò lè tó o mọ́. A sin ín kí ọdún náà tó yí po.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ro ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe pé ìyá yẹn fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Ó sọ ọ́ níwájú àlùfáà àti níwájú gbogbo ìjọ. Orúkọ tí ó pè é ni ó pa á. Bí ó bá ti ní "ẹ̀jẹ̀ ń sun lára mi", kò sí ẹni tí yóò mú ọrẹ wá. Ṣùgbọ́n "nǹkan oṣù mi padà dé" dà bí ìhìn rere. Bẹ́ẹ̀ àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ti fún wa ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ. Obìnrin inú Ìhìn Rere Máàkù, tí ara rẹ̀ kò dá fún ọdún méjìlá, wọn kò sọ pé ó ń ṣe nǹkan oṣù. Ìsun ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n pè é. Ìyàtọ̀ wà: àṣẹ́ ní oṣù tirẹ̀, ìsun ẹ̀jẹ̀ kò ní. Obìnrin tí ó bá ti lo oṣù méjìlá gbáko láìrí nǹkan rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó, tí ó wá rí ẹ̀jẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan ṣoṣo, ìsun ẹ̀jẹ̀ ni kí ó pè é, ọ̀dọ̀ dókítà sì ni kí ó kọrí sí. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n dókítà ni kí ó sọ bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ti ẹ̀jẹ̀ tí ó ń wá láàárín oṣù sí oṣù, àti èyí tí ó bá ju ọjọ́ méje lọ. Bí a bá tètè mú un, jẹjẹrẹ ilé-ọmọ ṣeé wò sàn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. A kò mọ èyí ní ọjọ́ tí a gba ọrẹ yẹn, ó sì yẹ kí á ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan yóò ní ìtìjú ni ẹwà obìnrin, pé àwọn baba wa kò sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí ní gbangba. Òtítọ́ ni pé àwọn baba kò sọ ọ́. Àwọn ìyá ni ó ń sọ ọ́. Ọmọbìnrin ìgbà náà ń sùn sí yàrá ìyá àgbà, kò sì sí ohun tí yóò bá a tí kò ní gbọ́ ṣáájú. Lónìí, ìyá àgbà wà ní Àjàgbà, ìyá ọmọ wà ní ọjà Ọrẹ̀ tàbí ní Èkó, ọmọ sì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ ń há lọ́fun. Yàrá tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni ó ti wó. Ẹni tí ó bá ní kí á máa dákẹ́ nìṣó, kí ó kọ́kọ́ sọ ibi tí ọmọ yóò ti gbọ́.

Ìjọba pàápàá ti sọ ọ́ ní gbangba ṣáájú wa. Nínú òfin ìnáwó ọdún 2019, orílẹ̀-èdè wa yọ owó orí ọjà kúrò lórí páàdì obìnrin tí a bá ṣe nílé. Ilẹ̀ Kẹ́ńyà ti mú owó orí kúrò lórí tiwọn láti ọdún 2004. Láti ọdún 2014 ni a sì ti ń sàmì ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún káàkiri ayé fún ìmọ́tótó nǹkan oṣù. Wọ́n mú 28 fún iye ọjọ́ oṣù, wọ́n mú oṣù karùn-ún fún ọjọ́ márùn-ún tí ẹ̀jẹ̀ ń wà. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò, ẹ rán ọmọ lọ ra páàdì ní ṣọ́ọ̀bù. Inú ọ̀rá dúdú ni ọlọ́jà yóò fi sí, bí ẹni gbé ẹrù olè.

A kò tíì mẹ́nu kan ohun tí àwa ará Ìkálẹ̀ fúnra wa ń pè é. Ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà, ní èdè Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í sì í bá etí wọn pàdé nígbà gbogbo. Ẹni tí ń pe ọmọ ní "ọma", tí ó ń pe owó ní "oghó", kò yẹ kí ó jẹ́ inú ìwé nìkan ni yóò ti kọ́ orúkọ ohun tí ó wà lára rẹ̀. Àwọn ìyá wa ní ọ̀rọ̀ tiwọn, yálà tààrà tàbí èyí tí wọ́n fi òwe bò. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan tí a mọ̀. Àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n ń dín kù ní ọdọọdún.

Nítorí náà ni a fi ń bẹ ẹ̀yin ìjòyè àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Àjàgbà, kí ẹ bá àwọn ìyálé ilé yín sọ ọ́, kí wọ́n yan ìyá mẹ́ta mẹ́ta tí kò ní tijú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin wa ni yóò wá gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ní ìsinmi tí ń bọ̀; kò sí ọkùnrin tí yóò bá wọn jókòó, àwa pàápàá kò ní sí níbẹ̀. Kí wọ́n sọ bí wọ́n ti ń pè é fún ọmọ tí ó kọ́kọ́ rí i, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ọkọ, àti bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nígbà tí ó bá di àìsàn. A óò fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀, a óò sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí. Olùkọ́ tí ó nu pátákó ní ọjọ́ kìíní ni ó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà.